Wọ́n ní àwọn yóò dín owó iná ṣọ́ọ̀bù yín kù: ohun tí ẹ ó yẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta ẹja yìnyín lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Fíríísà mẹ́ta ló ní, tọ̀sán-tòru sì ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tó so káàdì mọ́rùn, tó sì gbé báàgì dání, wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ kan wà lọ́wọ́ òun tó ń gé owó iná sí ìdajì. Ó ki ẹ̀rọ náà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná kékeré aláwọ̀ ewé tàn lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ra mẹ́ta, ọ̀kan fún fíríísà kọ̀ọ̀kan, ó san ₦45,000. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ló pè mí lórí fóònù: "Àbúrò mi, wá bá mi wo nǹkan yìí o. Yúníìtì mi ò yé é sáré."

Iṣẹ́ iná ni mo ń ṣe. Mo ti ń ṣe é káàkiri Àkúrẹ́, láti Òkè-Àró dé Alágbàká, fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá, mi ò sì rí àsìkò tí irú àwọn oníbàágì báyìí pọ̀ tó èyí tí a wà yìí. Kò ṣẹ̀yìn owó iná tó fò sókè. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Bándì A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, kúrò ní nǹkan bíi ₦68, ó di ₦225. Ó wálẹ̀ sí ₦206.80 lóṣù Karùn-ún, ó tún gun òkè díẹ̀ sí ₦209.50 lóṣù Keje. Aránṣọ, agẹrun, alọta, ẹni tó ń sin adìyẹ, ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá, kálukú ló mọ ibi tí bàtà ti ta á lẹ́sẹ̀. Ẹni tí irú ìnira bẹ́ẹ̀ bá dé bá kò ní ṣàì tẹ́tí sí ẹni tó ní òun mọ oògùn rẹ̀, nítorí náà, ẹ má bú ẹni tó ti kó sí i. Mo fẹ́ to àyẹ̀wò náà síbí lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹ lè ṣe é fúnra yín kí ẹ tó na kọ́bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ mọ nǹkan mẹ́ta tó ń pinnu owó iná

Owó iná kì í ṣe àdììtú. Nǹkan mẹ́ta ló wà nídìí rẹ̀: iye wáàtì tí ohun èlò yín ń fà, iye wákàtí tó fi ń fà á, àti iye tí ẹ ń ra yúníìtì kan. Ẹ fi wákàtí sọ wáàtì di púpọ̀, ẹ fi 1,000 pín in, yúníìtì ló jáde yẹn. Ẹ wá fi owó yúníìtì kan sọ ọ́ di púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi fíríísà ẹ̀gbọ́n mi ṣe àpẹẹrẹ. Wáàtì 200 ló ń fà nígbà tí kọ̀ǹpírésọ̀ rẹ̀ bá ń dún. Kọ̀ǹpírésọ̀ kì í dún láti àárọ̀ dalẹ́, ó ń ṣíwọ́, ó sì ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní wákàtí 12 ló fi ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́. Yúníìtì 2.4 nìyẹn. Bí yúníìtì kan bá jẹ́ ₦209.50, ₦502.80 ni. Ẹ fi owó orí ọjà tí ìjọba ń gbà kún un, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di nǹkan bíi ₦540 lójúmọ́ fún fíríísà kan. Fún mẹ́ta, láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ó lé ní ₦48,000.

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, orí èyí ló dúró lé. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun yóò dín owó iná yín kù, ẹ bi í pé: "Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ fẹ́ dín kù?" Bó bá jẹ́ wáàtì, ohun èlò yín gbọ́dọ̀ yí padà. Bó bá jẹ́ wákàtí, ohun kan gbọ́dọ̀ wà tí ẹ ó máa pa. Bó bá jẹ́ owó yúníìtì, ẹni tó gbé báàgì wá kò láṣẹ lórí rẹ̀. Bí kò bá kan ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, irọ́ ni. Bó bá sì jẹ́ pé mítà gan-an ló fẹ́ fọwọ́ kàn, olè ni, ẹ̀yin ni wọ́n sì máa wá mú.

Kí ẹ tó gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, ẹ kó ríṣíìtì tókìn oṣù mẹ́ta sẹ́yìn jọ. Ẹ wo iye yúníìtì tí wọ́n fún yín, iye tí ẹ ra ẹyọ kan, àti bóyá wọ́n yọ gbèsè kankan nínú rẹ̀. Ní ₦209.50, ₦10,000 máa ń mú nǹkan bíi yúníìtì 44.4 wá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó orí. Bí tiyín bá kéré sí bẹ́ẹ̀ gan-an, gbèsè tí wọ́n ń yọ díẹ̀díẹ̀ lè wà níbẹ̀. Kò sí àpótí tó lè wo ìyẹn sàn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Àpótí tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì

Mo yọ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lára ògiri, mo jẹ́ kó sinmi, mo fi súkúrùdiráfà tú ẹ̀yìn rẹ̀. (Bí iṣẹ́ yìí kì í bá ṣe tiyín, ẹ má dán an wò. Iná lè ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ọ́.) Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni kápásítọ̀ dúdú kan tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ, pátákó pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó páálí ìṣáná, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, àti gílóòbù bíńtín tó ń tan iná ewé. Ìyókù inú rẹ̀ ṣófo. Ẹ̀gbọ́n mi dì í mú lọ́wọ́, ó wò ó títí. Ó ní, "Èyí ni mo fi owó ẹja ọjọ́ mẹ́ta rà?"

Kápásítọ̀ kì í ṣe ohun búburú, ó níṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ wo bí a ṣe ń ra gaàrí lọ́jà. Ẹ gba kọ́ńgò lọ́wọ́ ìyá onígaàrí, ó wọn gaàrí fún yín, ẹ da gaàrí sínú ọ̀rá, ẹ dá kọ́ńgò padà. Owó gaàrí lẹ san. Kò sí ẹni tó gba owó kọ́ńgò lọ́wọ́ yín, nítorí yíyá lẹ yá a. Mọ́tọ̀ inú fíríísà, inú fáànù àti inú ẹ̀rọ ìlọta náà máa ń yá iná díẹ̀ láti fi gbé òòfà inú wọn dìde, wọ́n á sì dá a padà, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iṣẹ́ kápásítọ̀ ni láti máa yá wọn ní kọ́ńgò nítòsí, kí wọ́n má bàa lọ yá a láti ọ̀nà jíjìn. Gaàrí tí wọ́n jẹ kò fi ẹ̀kúnwọ́ kan dín. Gaàrí yẹn nìkan ni mítà ṣọ́ọ̀bù yín ń kà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú àwọn ọlọ́gbọ́n. Ẹni tó ń tà á yóò gbé ẹ̀rọ kan tó ní ẹnu bí ẹ̀mú wá, yóò fi há wáyà mọ́tọ̀ ìlọta yín. Yóò tan mọ́tọ̀ náà láìda ata tàbí àgbàdo kankan sí i. Ẹ̀rọ yóò kọ, bí àpẹẹrẹ, 4. Yóò ki àpótí bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, òǹkà yóò sì já wálẹ̀ sí 2. Yóò ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó." Ohun tí ẹ rí kì í ṣe ìdán, òótọ́ ni òǹkà yẹn dín kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ẹlẹ́nu ẹ̀mú yẹn ń ka gaàrí àti kọ́ńgò pa pọ̀. Mọ́tọ̀ tí kò lọ nǹkankan sì rèé, kọ́ńgò ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń fà. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í gbà kí ẹ da àgbàdo sí i kí wọ́n tó wọn ún. Ẹ ní kí ó wọn ún lójú mítà yín dípò ojú ẹ̀rọ tirẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ á yí padà.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kan wà lágbàáyé tí wọ́n ń sanwó lórí iná tí mọ́tọ̀ wọn ń yá. Irú wọn máa ń jàǹfààní kápásítọ̀ ńlá, onímọ̀ ẹ̀rọ ló sì máa ń wọn ibẹ̀ kí ó tó so ó. Oníṣọ́ọ̀bù ẹja, aránṣọ àti agẹrun tó ń san owó ní yúníìtì kò sí lára wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ka iná pupa ojú mítà

Àyẹ̀wò yìí kò ná yín ní kọ́bọ̀, mo sì fẹ́ kí gbogbo oníṣòwò mọ̀ ọ́n ṣe. Lójú mítà píríìpéèdì, iná pupa kékeré kan wà tó ń ṣẹ́jú. Nítòsí rẹ̀, wọ́n á ti kọ ọ́ síbẹ̀, bóyá 1000 imp/kWh tàbí 1600 imp/kWh. Bó bá jẹ́ 1000, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nígbà tí iná náà bá fi ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀ẹ̀gbẹ̀rún, yúníìtì kan ti lọ.

Ẹ pa fíríísà, áyọ́ọ̀nù àti ohunkóhun tó ń tan ara rẹ̀ tó sì ń pa ara rẹ̀, nítorí wọn kò ní jẹ́ kí òǹkà dúró lójú kan. Fáànù àti gílóòbù ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ gbé aago fóònù sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ka iye ìgbà tí iná náà ṣẹ́jú láìsí àpótí. Ẹ ki àpótí bọ̀ ọ́, ẹ tún ka ìṣẹ́jú mẹ́wàá mìíràn. Ẹ yọ ọ́, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ má fo ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn. Iná wa kì í dúró lójú kan. Ó lè lọ sílẹ̀ kó tún gòkè láàárín ogún ìṣẹ́jú, ìyẹn nìkan sì tó láti yí òǹkà padà. Bí ti ìṣáájú àti ti ìkẹyìn bá jọra, a jẹ́ pé ẹ lè gbẹ́kẹ̀ lé ti àárín.

Ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi, a fi fáànù mẹ́ta àti gílóòbù olówáàtì 60 mẹ́rin sílẹ̀. Òun ló ń ka iná, èmi ń wo aago. Láìsí àpótí, 67. Pẹ̀lú àpótí, 67. Nígbà tí a yọ ọ́, 68. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó kàn ń nu tábìlì.

Nígbà tí ẹ bá ṣì wà nídìí mítà, ẹ pa gbogbo bíréékà inú ṣọ́ọ̀bù pátápátá, kí ẹ wo iná pupa náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò yẹ kó ṣẹ́jú. Bó bá ń ṣẹ́jú, wáyà kan ń jò, tàbí ẹlòmíràn ń lo iná yín. Mo ti bá wáyà yàrá ẹ̀yìnkùlé tó so mọ́ mítà agẹrun kan, ó sì ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà. Onílé gan-an kò mọ̀. Ẹ pe oníná, kí ó wá orísun rẹ̀. Irú àwárí bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dínwó tòótọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Tókìn olówó pọ́ọ́kú

Èyí máa ń wá lórí WhatsApp: "Mo mọ ẹnì kan nínú ọ́fíìsì. Ẹ san ₦5,000, ẹ gba tókìn ₦10,000." Nígbà mìíràn, ojúlùmọ̀ yín ni yóò fi ránṣẹ́, torí wọ́n ti jí àkọọ́lẹ̀ rẹ̀ gbé. Ẹ pè é kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀.

Nọ́ńbà ogún tí tókìn jẹ́ kì í ṣe káàdì fóònù tí èèyàn lè kó jọ sínú àpò kó máa tà á lẹ́dìn-ínwó. Nọ́ńbà mítà yín ni wọ́n fi ń ṣe é. Mítà yín nìkan ló lè gbà á, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì máa gbà á. Nítorí náà, kò sí ẹni tó ní tókìn olówó pọ́ọ́kú nílé. Ó lè gba owó yín kó sá lọ. Ó lè fún yín ní nọ́ńbà tí mítà yóò kọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé lóòótọ́ ni tókìn wọlé, ẹ bi ara yín léèrè owó ta ló fi rà á, torí káàdì báńkì tí wọ́n jí gbé ni wọ́n máa ń lò. Nígbà tí ẹni tó ni káàdì bá figbe ta, nọ́ńbà mítà ṣọ́ọ̀bù yín ló máa jáde nínú ìwé.

Ọ̀kan tún wà tó jọ ọ́. Títí di ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, gbogbo mítà píríìpéèdì ní láti gba nọ́ńbà àkànṣe méjì kí wọ́n má bàa kọ tókìn tuntun. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún èèyàn. Àwọn kan ṣì ń pe oníṣọ́ọ̀bù pé mítà wọn "fẹ́ kú", kí wọ́n san owó ìsọdọ̀tun. Ẹ má san án.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹni tó ní òun yóò yọ yín kúrò ní Bándì A

Ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára gidigidi, torí owó tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Wọ́n á ní kí ẹ mú ₦50,000 tàbí ₦100,000 wá, àwọn á bá yín yí bándì padà nínú kọ̀ǹpútà.

Bándì kì í ṣe ti ẹnì kan. Fídà ló ń tọ̀, ìyẹn wáyà ńlá tó gbé iná wá sí tíránsífọ́mà àdúgbò yín. Bándì A ni fídà tó yẹ kó rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, B jẹ́ 16, C jẹ́ 12, D jẹ́ 8, E jẹ́ 4. Gbogbo ẹni tó wà lórí fídà kan ló wà ní bándì kan. Bí ẹnì kan bá ní òun lè yọ ṣọ́ọ̀bù yín nìkan kúrò, tí ẹni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín kò sì ní kúrò, ó ń parọ́.

Ọ̀nà tó tọ́ wà. Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù tó wà lórí fídà kan náà, ẹ ra ìwé kan, kí ẹ máa kọ aago tí iná dé àti aago tó lọ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí kò bá pé iye wákàtí tí bándì yín gbà, ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn pa pọ̀, ẹ fi ẹ̀dà ìwé òǹkà yẹn há a, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì BEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná fún wa, kí wọ́n sì bá yín tẹ ẹ̀dà tiyín lóǹtẹ̀. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, ẹ gbé e síwájú. Láti ìgbà tí òfin iná mànàmáná ọdún 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ lágbára, àbójútó iná ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ti kúrò lọ́wọ́ NERC ní Àbújá, ó ti bọ́ sọ́wọ́ Ondo State Electricity Regulatory Bureau. Ìwé tí èèyàn ogún fọwọ́ sí, tí ọjọ́ àti aago wà nínú rẹ̀, ó ṣòro fún ọ́fíìsì láti jù ú sẹ́yìn.

Ti gbèsè náà rí bẹ́ẹ̀. "Ẹ fún mi ní ìdá kan, màá bá yín pa gbèsè ₦400,000 rẹ́." Bí gbèsè náà kì í bá ṣe tiyín, bóyá ẹni tó lo ṣọ́ọ̀bù ṣáájú yín ló jẹ ẹ́, ìwé ìyáṣọ́ọ̀bù yín àti ọjọ́ tí ẹ kó wọlé ni ẹ̀rí yín. Ẹ kọ̀wé, ẹ gbà á lóǹtẹ̀. Ẹni tó bá lo bíìlì àfojúdá nìkan, tí kò ní mítà, kó rántí pé ní ọdún 2020 ni NERC ti fi òdiwọ̀n sí iye tí wọ́n lè kọ fún un lóṣù. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè òdiwọ̀n fídà rẹ̀. Owó mítà pàápàá, bó bá di dandan kí ẹ san án, ẹ má san án sí ákántì ẹnì kan láé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹni tó ní òun yóò "tún mítà ṣe"

Ẹ lé e jáde. Mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí èyí ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Àwọn kan máa ń gbé òòfà lé mítà. Mítà àtijọ́ tó ní àwo tó ń yí ni wọ́n gbọ́ pé ó ń ṣe é fún. Tòde òní kò ní àwo. Àwọn mìíràn máa ń fi wáyà gba ẹ̀yìn mítà, èyí tí a ń pè ní bàípáàsì. Ọ̀pọ̀ mítà òde òní máa ń mọ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣí ìdérí rẹ̀, wọ́n á kọ ọjọ́ àti aago sínú ara wọn. Oníṣẹ́ tó ṣe é ti gba owó rẹ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ákántì ni wọn yóò wá, wọn yóò ṣírò iná tí wọ́n rò pé ó jí láti oṣù púpọ̀ sẹ́yìn, wọn yóò sì gba owó ìtanràn kí wọ́n tó dá iná padà. Òfin ọdún 2023 yẹn ka jíjí iná sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé èèyàn lọ sẹ́wọ̀n. Ewu iná ọmọ ọ̀rara tún wà níbẹ̀: wáyà tó gba ẹ̀yìn mítà sábà máa ń fo bíréékà náà kọjá, bó bá gbóná, kò sí ohun tí yóò dá a dúró. Mo ti rí ògiri ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan tó dúdú láti ìdí mítà títí dé àjà. Aṣọ oníbàárà méjìlá ló wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá ra ṣọ́ọ̀bù tàbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á, ẹ jẹ́ kí oníná yẹ ìdí mítà wò lọ́jọ́ tí ẹ wọlé, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Bí ẹni tó jáde bá ti ṣe bàípáàsì, ẹ fi tó ilé iṣẹ́ iná létí kí wọ́n tó wá bá a.

Sólà: òótọ́ wà níbẹ̀, irọ́ náà wà níbẹ̀

Sólà lè dín owó kù, torí ó ń dín yúníìtì tí ẹ ń rà kù. Ibi tí jìbìtì wà ni bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn páńẹ́ẹ̀lì. Ẹ mú téèpù tí àwọn káfíńtà ń lò, ẹ wọn gígùn àti ìbú rẹ̀ ní mítà, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ wá fi 230 sọ ọ́ di púpọ̀. Òkè téńté tí páńẹ́ẹ̀lì ọjà wa lè dé nìyẹn, nítorí pé nǹkan bíi wáàtì 1,000 ni oòrùn ọ̀sán gangan ń dà sórí mítà kan níbùú lóròó, páńẹ́ẹ̀lì tó dára sì ń mú bíi ìdá 20 sí 23 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Páńẹ́ẹ̀lì tó gùn ní 1.65, tó fẹ̀ ní 1, kò lè kọjá nǹkan bíi wáàtì 380. Bí wọ́n bá kọ 500 sí i, ẹ gbé e padà fún wọn. Èyí tó jẹ́ 550 lóòótọ́ máa ń gùn tó 2.28, ó sì máa ń fẹ̀ tó 1.13.

Ẹni tó bá ní kí ẹ san ìdajì owó, kí ẹ sì mú èèyàn márùn-ún mìíràn wá kí sólà yín tó dé, kì í ta sólà. Ẹ má dá a lóhùn. Ẹni tí yóò bá yín so ó, ẹ béèrè ìwé àṣẹ NEMSA, àjọ ìjọba tó ń fún àwọn oníná níwèé àṣẹ, lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì lọ wo ibi kan tó ti so ó fún ọdún kan ó kéré tán.

Ohun tó dín owó ẹ̀gbọ́n mi kù

A bẹ̀rẹ̀ láti orí gílóòbù. Mẹ́rin tó ń fa wáàtì 60 ló ń tàn fún wákàtí 12 lójúmọ́: yúníìtì 86.4 lóṣù, tó lé ní ₦18,000. A fi èyí tó ń fa wáàtì 9 rọ́pò wọn, ó di nǹkan bíi ₦2,700. Lẹ́yìn ìyẹn, a ki owó bébà kan sáàárín ìlẹ̀kùn fíríísà kọ̀ọ̀kan, a pa á dé, a fà á. Ní méjì, ó mú un ṣinṣin. Ní ẹ̀kẹta, owó náà yọ wọ́ọ́rọ́, rọ́bà etí rẹ̀ ti gan. A pààrọ̀ rọ́bà náà, a gbá eruku kúrò lẹ́yìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a fà wọ́n kúrò lára ògiri kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀yìn wọn, a sì fọ́ yìnyín tó dì pẹ́kípẹ́kí sínú wọn. Ó ń ka mítà rẹ̀ ní aago méje alẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé báyìí, ó ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tó fi ń kọ gbèsè oníbàárà.

Bí ẹ bá ti sanwó

Báńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ẹ tó pe ẹni tó gba owó. Wákàtí àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì, torí báńkì lè bá yín di owó náà mú bí kò bá tíì kúrò lákántì tó wọ̀. Ẹ gbé ríṣíìtì ìfowóránṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ WhatsApp yín lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá; ẹ má pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, kódà bí ojú bá ń tì yín. Bó bá jẹ́ ọjà ni wọ́n tà fún yín, bí àpótí yẹn, ẹ lè fẹjọ́ sun FCCPC, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà. Bó bá jẹ́ pé ó pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ iná, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lára káàdì rẹ̀ sílẹ̀, ẹ lọ bi wọ́n ní ọ́fíìsì bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ẹ má ju àpótí náà nù. Méjì tó kù nínú ti ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà nínú ọ̀rá lábẹ́ tábìlì, pẹ̀lú ríṣíìtì ₦45,000 àti bébà tí a kọ 67, 67, 68 sí, pẹ̀lú ọjọ́ tí a kà á.